Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi fẹ́ ká gba ọmọ ajá kan sílé

Ìyá Àṣàkẹ́ (Òkè-Fìà, Òṣogbo)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Aṣọ ni mò ń rán ní Òkè-Fìà, mo sì fẹ́ ìmọ̀ràn yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ajá oníbàárà mi kan ní Òkè-Baálẹ̀ bí ọmọ márùn-ún. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo lọ wọn oníbàárà náà fún aṣọ, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tẹ̀ lé mi lọ. Kí n tó ká téèpù mi tán, ó ti gbé ọ̀kan mọ́ àyà. Pupa ni, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ funfun, abo ni. Oníbàárà mi ní òun ò gba kọ́bọ̀, kí n ṣáà jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló máa pé.

Láti ọjọ́ náà ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sinmi. Òun àti ìyá ọkọ mi ti sọ ajá lórúkọ pàápàá: Tanímọ̀la. Ó ní òun á máa fún un lóúnjẹ, òun á máa wẹ̀ ẹ́, òun á máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Èkó ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló ń wálé. Ayálégbé ni wá, iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mùsùlùmí ni lánlọ́ọ̀dù wa, inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Lóṣù tó kọjá, wọ́n já ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi lóru, ẹnikẹ́ni ò gbúròó. Ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi máa fà sí ajá yìí nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rù dìgbòlugi ń bà mí, n ò sì tọ́jú ajá rí láyé mi. Ẹ sọ gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ fún mi, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́.

Ọmọ Onírélùwéè

Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti sin ọmọ ajá méjì kí n tó tọ́ ẹ̀kẹta dàgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Station Road ni ilé wa. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí màmá wa kú, bàbá ò jáde mọ́. Àga kan wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo wá ra ọmọ ajá kan fún wọn lẹ́bàá títì, n ò béèrè abẹ́rẹ́, n ò béèrè ìyá tó bí i. Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ilẹ̀ mọ́, ó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Oṣù yẹn ò tíì parí tí mo fi ra òmíràn. Ibi tí mo so ti àkọ́kọ́ mọ́ ni mo so ó mọ́, abọ́ kan náà ni mo fi bọ́ ọ. Òun náà kú.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ bá dókítà ẹran. Pavo ni wọ́n ń pe àrùn náà. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè tó ọdún kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọṣẹ lásán kì í pa á. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ọmọ ajá kejì lọ síbi tí ikú wà. Ó ń dùn mí títí dòní, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí: ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ilé yín bóyá ajá kankan ti kú nínú àgbàlá yẹn láìpẹ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tíì gbé Tanímọ̀la wá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti pavo àti àwọn àrùn bíi tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síra wọn títí ajá á fi tó oṣù mẹ́rin. Ti dìgbòlugi dá yàtọ̀: nígbà tó bá pé bí oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ tún un gbà bí dókítà bá ṣe kọ ọ́ sí káàdì. Oògùn aràn náà wà ńbẹ̀, ẹ má fojú kéré rẹ̀, torí aràn inú ìgbẹ́ ajá lè ran ọmọdé tó ń ṣeré nílẹ̀. Ẹ tọ́jú káàdì yẹn bí ẹ ṣe ń tọ́jú rìsíìtì owó ilé.

Mo fi bílíìṣì fọ gbogbo sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, mo ju abọ́ náà nù, mo dúró ju ọdún kan lọ kí n tó mú ẹ̀kẹta wá. Ẹ̀yìnlàárò ni bàbá sọ ọ́. Ajá ò mọ̀ pé èèyàn ń ṣọ̀fọ̀. Tí aago mẹ́fà bá ti lù, ó ti ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn yàrá bàbá, kò sì ní dákẹ́ àfi tí wọ́n bá wọ bàtà. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n jọ máa ń gbà dé ìtòsí ibùdókọ̀ rélùwéè, wọ́n á padà. Ní oṣù kẹta, ìyá alákàrà ojú ọ̀nà sọ fún mi pé bàbá rẹ́rìn-ín níwájú òun. N ò mọ oògùn tí mo lè rà tí ìbá ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá wo bàbá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, Ẹ̀yìnlàárò á gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ṣí etí rẹ̀ bí ẹni ń ṣíwèé, wọ́n á fọwọ́ wá abẹ́ apá, wọ́n á ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí. Èyí tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó á tóbi bíi hóró ẹ̀wà. Ẹ̀mú kékeré ni wọ́n fi ń dì í mú pẹ́kípẹ́kí mọ́ awọ, wọ́n á fà á jáde tààrà, wọ́n á sọ ọ́ sínú agolo kẹrosíìnì. Inú agolo ni kẹrosíìnì ń wà o, kì í kan ara ajá, torí ó máa ń bó o láwọ, á sì tún lá a. Ó lè gba wákàtí kan. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ò bá ṣe é, ara ajá á sọ.

Ẹ má fún un ní eegun adìyẹ tí ẹ ti sè, ó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó lè gún un nífun. Ọbẹ̀ wa náà ò dáa fún un, àlùbọ́sà inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ìrẹsì àti ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, láìsí ata, la fi ń bọ́ tiwa, omi tó mọ́ kì í sì í tán nínú abọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Abo ni ẹ fẹ́ gbé. Kò ní pé ọdún kan tí akọ àdúgbò á fi máa wá a kiri, nǹkan bí ọjọ́ 63 sì ni oyún ajá. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí kò fi ní bímọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà á máa wá ẹni tó máa gba ọmọ márùn-ún. Èkejì ni ti ọmọ yín. Ajá tó rí ìtọ́jú lè lo ọdún 10 sí 13. Nígbà tí Tanímọ̀la bá darúgbó, ọmọ yín á ti wà ní yunifásítì. Tí ẹ bá máa gbà á, ẹ gbà á bí ajá tiyín.

Abú Ridwan (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

Àsàlámù aláíkúmù. Ti lánlọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ sọ. Mùsùlùmí ni mí, ajá méjì ló ń ṣọ́ oko bàbá mi. Hádíìsì gba ajá ìṣọ́ oko, ti ẹran ọ̀sìn àti ti ọdẹ láàyè. Ohun tó máa ń ká Mùsùlùmí lára ni itọ́ rẹ̀. Abọ́ tí ajá bá lá, ẹ̀ẹ̀méje la ní ká fọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí abọ́ rẹ̀ dá wà, kó má dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, kí ilẹ̀ má sì mọ́ bá ìgbẹ́ rẹ̀ ní àgbàlá.

Ẹ má gbé e wọlé kí ẹ tó sọ o. Ẹ mú ìyá ọkọ yín dání, kí ẹ lọ bá Alhaji nírọ̀lẹ́, ẹ sọ ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n já.

Nọ́ọ̀sì Ògo-Olúwa

Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ̀rù dìgbòlugi tó ń bà yín yẹ kó bà yín. Mo ti rí ọmọdé tí ajá bù jẹ, tí wọ́n fi epo pupa àti irun ajá dí ojú egbò rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Àrùn yìí, tó bá ti hàn lára èèyàn, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó yè é. Kó tó hàn la lè dá a dúró.

Ajá yòówù tó bá bu ọmọ yín jẹ, tàbí tó ha á léèékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbà á pé. Ẹ má pa ajá náà, ẹ má sì jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń wí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10.

Kí ẹ sì kọ́ ọmọ yín láti òní pé a kì í fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun.

Ìyá Àṣàkẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti bàbá yẹn sétígbọ̀ọ́ ìyá ọkọ mi, wọ́n nu ojú wọn.

A lọ bá Alhaji lánàá. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa sùn ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kó má dé ibi ẹ̀rọ omi, kí n sì fi káàdì abẹ́rẹ́ han àwọn. Wọ́n ní ajá kankan ò kú nínú àgbàlá náà láti ìgbà tí àwọn ti kọ́ ọ. Mo pe bàbá ọmọ ní Èkó, mo sọ fún un pé ajá tèmi ni, ó ní owó abẹ́rẹ́ á wọlé.

Mo ti kó gbogbo àjákù aṣọ ìdí máṣíìnì mi sínú àpò ìrẹsì, mo rán ẹnu rẹ̀ pa, ibùsùn rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú la máa lọ gbé e. Mo fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Mọ́ńdè, torí náà ẹni tó bá mọ dókítà ẹran tí kò jìnnà sí Òkè-Fìà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún mi.