Sóyà mi kò so kókó nídìí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àgbẹ̀ Ṣakí
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin sóyà lésìí, mo da yúríà sí i dáadáa. Ewé rẹ̀ dúdú minimini, àmọ́ nígbà tí mo fà á tu, kò sí kókó kankan lára gbòǹgbò, ìyẹn àwọn ohun róbótó tí bakitéríà ń gbé inú rẹ̀ láti sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún un. Ṣé kí n fi kún yúríà lọ́dún yìí ni, àbí kí n ra lẹ́búlẹ́bú bakitéríà tí wọ́n ń pò mọ́ irúgbìn?

Ọmọ Onímọ̀-Ilẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ebi náítírójìn ló ń mú kí sóyà wá bakitéríà. Gbòǹgbò á tú èròjà flavonoid sílẹ̀; bakitéríà Bradyrhizobium tó bá gbúròó rẹ̀ á fi èròjà tirẹ̀, Nod factor, dá a lóhùn. Purotéènì méjì, NFR1 àti NFR5, tó wà lára sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò, ló ń dá ohùn yẹn mọ̀. Kálísíọ́ọ̀mù á wá máa lọ sókè sódò nínú sẹ́ẹ̀lì, títí jíìnì NIN á fi jí, tí kókó á sì yọ. Àmọ́ tí náítíréètì, ìyẹn náítírójìn tí yúríà ń dà nínú ilẹ̀, bá ti pọ̀ nílẹ̀, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ á ṣe ègé purotéènì kékeré kan, CLE, tó ń dá iṣẹ́ náà dúró. Ó ti yó, kí ló tún ń wá àlejò fún?

Ṣé wọ́n ti gbin sóyà síbẹ̀ rí?

Àgbẹ̀ Ṣakí
Rárá o, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀.

Ìyá Olóko
Ẹ ra lẹ́búlẹ́bú yẹn nígbà náà, torí bakitéríà sóyà lè má tó nínú ilẹ̀ yẹn. Abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ ti pò ó mọ́ irúgbìn, kẹ́ ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Oòrùn máa ń pa á. Irúgbìn sóyà TGx tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, mú jáde ni mo fara mọ́, torí ó ń bá bakitéríà ilẹ̀ wa ṣe. Ẹ fi SSP, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, sí i, kókó fẹ́ràn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá la kókó, tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bọ̀dá Ẹlẹ́pà
Kókó tó bá pọ̀ jù náà ló dáa jù, àbí?

Ọmọ Onímọ̀-Ilẹ̀
Rárá, Bọ̀dá. Oúnjẹ tí ewé ń sè ni kókó ń jẹ. Bí kókó bá ti ń yọ, CLE mìíràn á gòkè lọ bá ewé, purotéènì NARK tó wà níbẹ̀ á gbà á, á sì ránṣẹ́ padà pé ó tó. Sóyà tí NARK rẹ̀ bàjẹ́ máa ń so kókó ṣùrùṣùrù, ṣùgbọ́n kì í dàgbà dáadáa.

Àgbẹ̀ Ṣakí
Àpò yúríà mẹ́ta tí mo ti rà ńkọ́?

Ìyá Olóko
Ẹ dà á sí àgbàdo.