Kòkòrò páálí tá a ṣe nílé: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Adó

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Sátidé tó kọjá òjò ò jẹ́ ká yọjú síta látàárọ̀, iná ò sí, fóònù mi ti kú, ọmọ mi tó jẹ́ ọdún 2 àti oṣù 4 sì ti kó gbogbo ìkòkò mi sáàárín pálọ̀, ó ń fi ọmọrí lù wọ́n gbàgà gbàgà bí onílù tí wọn ò sanwó fún. Ni mo bá rí páálí ẹyin lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ihò 30 ló wà nínú páálí kan, mo gé ìlà kan tó ní ihò 6, mo dojú ẹ̀ dé, mi ò tíì kun nǹkan kan sí i o, ó ti jọ kòkòrò tó ń jẹ ewé ilá gan-an. (Páálí tí ìgbẹ́ adìẹ bá ti yí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jù ú nù, ẹ má ní ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́.) Omi sobo tó kù nínú jọ́ọ̀gì la fi kùn ún, ìka ló fi ń kùn ún, ó ń kùn ó ń lá ìka, mi ò bá a jà torí sobo náà ni.

Gọ́ọ̀mù ò sí nílé, ẹ̀kọ àárọ̀ tó ṣẹ́kù nínú kọ́ọ̀bù ẹ̀ ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mi ò rántí pé ṣúgà wà níbẹ̀. Mo gé ẹsẹ̀ 6 lára páálí ọṣẹ, 3 lọ́tùn-ún 3 lósì ni mo ní lọ́kàn, ọ̀gá yìí kó gbogbo ẹ̀ lẹ̀ sójú kan níwájú, ó wò ó, ó ní "Dádì!" Àṣé irùngbọ̀n bàbá ẹ̀ ló ṣe.

A gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ. Ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ igbe, mo sáré dé, èèrà ti tò láti ẹnu fèrèsé wá sórí kòkòrò wa, wọ́n bò ó pitipiti, irùngbọ̀n Dádì ti já bọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ẹkún ni, ọmọ ń fò sókè ni o, ó ń pariwo "Wọ́n wá! Wọ́n wá!" Lójú tiẹ̀, àwọn ẹbí kòkòrò ló wá kí i.

Bàbá Ṣọ́jà, Ìkẹ́rẹ́

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n tèmi ò pani lẹ́rìn-ín o. Ìdérí ike omi pupa ni mo fi ṣe kòkòrò fún ọmọ mi, mo fi bírò dúdú tò ó tótòòtó, ó dára débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀. Ibi tí mo ti ń ya fọ́tò lọ́wọ́ ló ti ki ọ̀kan sẹ́nu. Kò húkọ́, kò ké, ojú ẹ̀ kàn là sílẹ̀. Mo dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí itan mi, mo gbá a láàárín èjìká méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni nǹkan yẹn tó jáde. Nọ́ọ̀sì tá a lọ bá lẹ́yìn ìyẹn ní ó dáa tí mi ò ki ìka bọ ọ̀fun ẹ̀ láìrí ibi tó wà, torí ìka lè tì í wọlé sí i. Òun náà ló kọ́ mi pé kí n mú páálí àárín tíṣù, ohunkóhun tó bá gba inú ẹ̀ kọjá, kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3 má fi ṣeré. Mo délé mo dán ìdérí omi yẹn wò, ó gbabẹ̀ kọjá pọ́ọ́, kò tiẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́. Ìdérí ike bọ́tà ńlá ni mò ń lò báyìí.

Àǹtí jẹ́léósinmi, Ìjerò

Àwa àjákù àǹkárá la máa ń gbà lọ́wọ́ télọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kàn ká a jọ láàárín, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a, labalábá dé nìyẹn, ọmọ ọdún 3 á fúnra ẹ̀ há a, ọwọ́ ẹ̀ á sì máa le sí i. Wàhálà mi ni àwọn òbí. Ìyá kan gbà á lọ́wọ́ ọmọ níwájú géètì, ó tú u, ó tún un há kó lè rí nigínnigín, ọmọ bú sẹ́kún. Màdáàmù, ta ló ni labalábá?

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Màmá mi ló ṣe tiwa. Wọ́n fi páálí tíṣù àti okùn ìró àtijọ́ ṣe aláǹtakùn, ẹsẹ̀ 8, wọ́n kà á fún ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ gbé e, ó fẹ́ máa lọ, màmá ní "Ulé ẹ̀ dà?" (ìyẹn ilé ẹ̀). Ọmọ tó ń gbọ́ Òyìnbó nìkan níléèwé, ó dúró, ó wojú wọn, ó wo aláǹtakùn. Ló bá lọ fa òwú aṣọ mi já, ó ń fà á káàkiri ẹsẹ̀ àga. Títí dòní ó ń wí "ulé, ulé".

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Adó

Bàbá Ṣọ́jà, ẹ kú ewu ọmọ o, mo ti lọ kó gbogbo ìdérí omi ilé mi dànù. Tiwa, mo ti po ògì mìíràn láìsí ṣúgà, mo fi lẹ kòkòrò náà, mo sá a sóòrùn títí ó fi gan, mo sì fi okùn gbé e kọ́ sára ìṣó. Èèrà ò rí i mọ́. Ọmọ ń bínú. Ó ń na ọwọ́ sí i látàárọ̀, ó ní kí n gbé e padà sójú fèrèsé, wọn ò wá mọ́.