Kí ló fà á tí áńpù gìtá olówó pọ́ọ́kú fi ń dún bí agolo?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mò ń ta gìtá ní ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọdún kẹta rèé. Oṣù márùn-ún ni mo fi tu owó jọ kí n tó ra áńpù tèmi, oní-tàràńsísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá), wáàtì 15, sípíkà ínṣì 6.5. Nínú yàrá, kò burú rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí ìlù ṣe wọlé tí mo yí fólúùmù kọjá ìdajì, ohùn ẹ̀ kàn fọ́ lójijì, bí ìgbà tí oyin bá há sínú agolo mílíìkì. Màmá tó ń darí akọrin wá bi mí bóyá okùn gìtá ló já. Ó dùn mí dé ọkàn. Wọ́n ní gbogbo oní-tàràńsísítọ̀ ni ò dáa, pé àfi oní-túùbù (ìgò bíi gílóòbù tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà). Ṣé òótọ́ ni?

Gìtá Jùjú Ọ̀yọ́:
Àbúrò, òótọ́ ni. Tí o bá yí fólúùmù oní-túùbù sókè, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn ẹ̀ máa ń rọ̀, á wá gbóná, á dùn. Tàràńsísítọ̀ ò mọ ìyẹn ṣe. Tó bá ti dé ibi tí agbára ẹ̀ mọ, ńṣe ló ń gé orí ohùn bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ. Rọra tún owó tù jọ.

Atúnrédíòṣe Sábó:
Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ bíbẹ́ orí ohùn yẹn, ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé tàràńsísítọ̀ ló jẹ̀bi. Áńpù Roland JC-120 tó jáde ní 1975, tàràńsísítọ̀ ni gbogbo inú ẹ̀, wáàtì 120, sípíkà ínṣì 12 méjì. Títí dòní làwọn olórin ń wá a, torí pé ohùn ẹ̀ mọ́ gaara. B.B. King, àgbà olórin blues ará Amẹ́ríkà, fúnra ẹ̀ lo áńpù Lab Series L5, tàràńsísítọ̀ nìyẹn náà.

Ibi tí wọ́n ti dín owó kù ni kẹ́ ẹ wò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ LAUTECH kan gbé irú èyí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tú u. Ẹyọ IC kan (èérún tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ tàràńsísítọ̀ sínú ẹ̀), TDA2030 ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Irin tó yẹ kó máa fa ooru kúrò lára ẹ̀ ò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Òòfà ẹ̀yìn sípíkà kò ju ìdérí ìgò Bournvita lọ. Àpótí ẹ̀, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni. Mo ní kó ta okùn tó nípọn jù, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sí ẹ̀yìn àpótí: ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Mo ká bébà, mo fi há àárín pákó méjèèjì, mo dè é le. Ariwo yẹn dákẹ́! Pákó tó tú ló ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí, ó lóun rò pé iná inú ẹ̀ ló bàjẹ́.

Okùn tó nípọn jù yẹn ń gbọ̀n ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà kékeré nínú àpótí kékeré ò lè gbé e jáde bó ṣe yẹ, ohùn tín-ín-rín nìkan lò ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún bí agolo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ti iná, torí ó máa ń bí mi nínú tí wọ́n bá ń bú ẹ̀rọ tí ebi ń pa. Lálẹ́ níbí, mítà mi máa ń ka 165 dípò 220. Áńpù olówó pọ́ọ́kú tó ń lo tàràńsífọ́mà lásán, bí iná bá lọ sílẹ̀ báyẹn, wáàtì 15 ẹ̀ di bíi 8. Ó ti fọ́ kó o tó yí i débì kan.

Má sáré lọ ra èyí tí wáàtì ẹ̀ pọ̀. Kí etí tó gbọ́ ohùn ní ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Gbé e lé orí àga, dín béèsì ẹ̀ kù, má yí fólúùmù kọjá ìdajì, kí wọ́n gbé máìkì síwájú ẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìdè méjì ti jábọ́ lẹ́yìn ẹ̀! Wọ́n kọ 4 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná) sára sípíkà ẹ̀. Ìjọ ní ínṣì 12 kan tí wọn ò lò, 8 ohm. Ṣé mo lè so ó mọ́ ọn?

Atúnrédíòṣe Sábó:
O lè so ó. Agbára tó máa rí gbà á dín kù sí bí ìdajì, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yọ ti inú ẹ̀ kúrò kó o tó so ó o. Bí méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀, IC yẹn lè jó. Tí ọwọ́ ẹ ò bá dá a, gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́sàn-án. Mú gìtá ẹ dání.