Ṣíṣe cendol ní Abẹ́òkúta: kí ni a lè lò dípò ṣúgà ọ̀pẹ àti ewé pandan?

Ará Ìbarà: Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ oúnjẹ, mo kí yín o. A fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ní ilé wa, mo sì fẹ́ fún àwọn àlejò ní cendol, ohun mímu tútù tí àwọn ará Indonéṣíà àti Màléṣíà ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì aláwọ̀ ewé, wàrà àgbọn, ṣúgà ọ̀pẹ àti yìnyín ṣe. Mo rí àgbọn rà ní ọjà Kútọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ṣúgà ọ̀pẹ tàbí ewé pandan, ewé olóòórùn dídùn tó ń fún cendol ní àwọ̀ ewé. Kí ni mo lè lò? Ṣé láfún lè dípò ìyẹ̀fun ìrẹsì?

Ìyá Alágbọn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo láfún. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ títí ó fi kan ni a fi ń ṣe é, kíkan náà yóò sì ba wàrà àgbọn jẹ́. Ìyẹ̀fun ìrẹsì funfun ni kí ẹ lò, pẹ̀lú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ díẹ̀ kí ó lè fà. Ẹ pò ó mọ́ omi, kí ẹ ro ó lórí iná tí kò le títí yóò fi máa dán bí ẹ̀kọ tó jinná, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní gbígbóná gba inú asẹ́ olójú ńlá sínú omi oníyìnyín, níbi tí yóò ti dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ti tutù, kò ní gba ojú asẹ́ kọjá mọ́.

Ọmọ Akọpẹ: Ti ṣúgà ni èmi fẹ́ dá sí, nítorí pé òun gan-an ni adùn cendol. Ní Melaka ní Màléṣíà àti Java ní Indonéṣíà, omi ara igi àgbọn tàbí ti ọ̀pẹ aren ni wọ́n ń sè títí yóò fi ki, tí yóò sì pọ́n. Ẹmu tiwa náà lè ṣe é. Ẹ bẹ akọpẹ kí ó fi akèrègbè tó mọ́ tónítóní gba ẹmu àárọ̀ fún yín, kí ẹ sì gbé e kaná lójú ẹsẹ̀, nítorí pé láàárín wákàtí díẹ̀ ni ìwúkàrà inú rẹ̀ ti ń sọ ṣúgà di ọtí. Èyí tó bá ti ń hó, tó sì ń ta ni lẹ́nu, kò wúlò mọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Ní ti pandan, omi ewé tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ yóò fún un ní àwọ̀, bí kò tilẹ̀ ní òórùn kan náà. Àwọ̀ ewé kì í sì í ṣe dandan: ní Purworejo ní Java, eérú koríko ìrẹsì ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, dúdú sì ni tiwọn.

Ìyá Alágbọn: Òótọ́ ni ẹ sọ. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí wàrà àgbọn náà, kí ẹ má sì fún un títí di àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, torí ooru yóò mú un kan.