Káàdì tí aáyán kà tán ká tó kà á, àti orin àti fíìmù tí a ò lè gbàgbé

Àdùkẹ́ Òkè-Bọ́lá
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àná ni mo lọ bá màámi tú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, torí eku ti sọ ibẹ̀ di ilé. Kí ni mo rí? Káàdì Kérésìmesì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe fún wọn ní 1989, nígbà tí mo wà ní prámárì fọ́ọ̀. Òwú ni mo fi ṣe irùngbọ̀n Bàbá Kérésì. Mo wá ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ íǹkì pupa, mo wọ́n ọn sí i lára, mo ní kó dà bí ìràwọ̀. Ó dà bí ẹni tí ìgbóná mú. Inú rẹ̀, mo kọ "Mama mi mo dupe", kò sí àmì ohùn kan lórí ẹ. Màámi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a padà sínú àpótí, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ jí i ni.

Ẹ wá sọ tiyín. Káàdì wo lẹ ṣe rí, tàbí tí wọ́n ṣe fún yín? Orin wo ló ń dún nílé yín láyé ìgbà yẹn? Fíìmù wo lẹ ò lè gbàgbé?

Táíwò Ìjókòdó
Ẹ̀yin ará Òkè-Bọ́lá kì í da nǹkan nù. Ìdí nìyẹn tí eku fi fẹ́ràn yín.

Ọmọ Ọjàaba
Tiwa kì í ṣe orin, ogun ni. Bàámi ní gírámáfóònù. Láàárọ̀, Dáúdà Epo Àkàrà, orin àwúrebe Ìbàdàn wa. Lọ́sàn-án, Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú. Tó bá dalẹ́ tí wọ́n ti mu díẹ̀, ó di Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ìyá tó ń gbé ìyàrá kejì, ti Ebenezer Obey ni tirẹ̀, òun náà ní rédíò tó ga bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì á ṣí i sókè pọ̀. Ẹ ò ní gbọ́ Dáúdà, ẹ ò ní gbọ́ Obey, ẹ ó kàn máa gbọ́ ìlù tí kò mọ ilé tí òun ń bá lọ. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ gírámáfóònù yẹn, orí ẹ̀ ló máa fi jẹ́jọ́.

Fíìmù ńkọ́? Ọ̀run Mooru ti Bàbá Sàlá, 1982. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Kì í ṣe ní gbọ̀ngàn la ti wò ó. Ẹnì kan ládùúgbò wa ló ní fídíò, ó ń gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a jókòó sílẹ̀ pìtìmù. Àwòrán ń gbọ̀n, ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, a ṣì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú bẹ́ẹ̀ ló kó Bàbá Sàlá sí gbèsè.

Ìjẹ̀ṣà Gidi
Ẹ̀yin lẹ jẹ bàbá wa lówó nígbà náà. Wọ́n kú ní 2018, ẹ ò tíì san án.

Ọmọ Ọjàaba
Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí! Kọ́bọ̀ tí mo san, owó gúgúrú mi ni.

Ìjẹ̀ṣà Gidi
Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ̀nà ilé onífídíò. Ó dáa. Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó ń bá wọn pín fíìmù kiri nígbà náà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, àwọn òṣèré ẹ̀ gan-an lá máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti ṣáájú wọn wọ̀lú, ta ló máa jáde? Bí mo bá rí onífídíò yẹn lónìí, màá bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Táíwò Ìjókòdó
Á ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ẹ máa bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì Sángo
Ẹ jẹ́ kí n gbà yín lọ́wọ́ ìjà. Àdùkẹ́ ní ká sọ̀rọ̀ káàdì.

1994 ni. Èmi àti bàbá àwọn ìbejì ò tíì fẹ́ra, a ṣì ń jáde. Wọ́n ní ìyá àwọn fẹ́ràn ọmọ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́. Mo ní ìyẹn ò le. Mo ra kádíbọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé ní Agbeni. Mo ṣa bébà fàdákà inú páálí sìgá jọ, mo fi abẹ gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni: Ẹ KÚ ỌDÚN, Ẹ̀MÍ YÍN Á GÙN. Mo lẹ Ẹ, mo lẹ KÚ, gọ́ọ̀mù tán. Alẹ́ ti lẹ́, kò sí ibi tí n ó ti rà á. Mo fi láfún po ẹ̀kọ, mo fi lẹ ìyókù. Ó mú dáadáa. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó gbẹ.

Lọ́jọ́ Kérésì, mo ti pẹ́, mo kàn ti káàdì bọ inú ẹ́ńfílóòpù láìwò ó, a gba Ìdí-Arẹrẹ lọ. Ìyá jókòó, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó, àwọn àbúrò bàbá ọkọ mi náà jókòó. Ìyá ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan tó mọ̀wé kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

Ọmọ yẹn dìde, ó ní: "Ẹ KÚ."

Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá ní, "Kà á tán." Ọmọ ní, "Ó ti tán, mà." Aáyán ti bá wa ka ìyókù lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọlọ́jà Gbági
Mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Mo ti pariwo. Gbogbo èèyàn ń wò mí.

Àdùkẹ́ Òkè-Bọ́lá
Háà! Ìyá Ìbejì! Kí ni Ìyá wá sọ?

Táíwò Ìjókòdó
Ẹ tún lè fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn? Bàbá ìbejì lákíkanjú.

Fìlà Ẹlẹ́tù
Sé aáyán ọjọ́ kan ló se gbogbo isẹ́ yẹn? Mi ò gbà.

Ọlọ́jà Gbági
Sé, se, isẹ́. Ẹ má bi í léèrè ibi tó ti wá o, Bẹẹrẹ ni.

Fìlà Ẹlẹ́tù
Labó lèmi. Ẹ fi ahọ́n mi sílẹ̀, ẹ dá ẹjọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Sángo
Fìlà, o ò tíì gbé ilé alámọ̀ rí nìyẹn. Aáyán ò jẹ lẹ́tà, ẹ̀kọ ló lá. Ó lá a mọ́ tónítóní, lẹ́tà wá já bọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńfílóòpù. Èyí tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ni ò wù ú jẹ.

Àdùkẹ́, Ìyá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi náà á kú, ṣùgbọ́n ṣé lónìí ni?" Èmi ti ń sunkún. Ọkọ mi gba ẹ́ńfílóòpù, ó gbọ̀n ọ́n, lẹ́tà fàdákà dà sórí ẹní bí ìpẹ́ ẹja. Ìyá ní kí gbogbo wa jókòó tò ó. A tò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan tò ó sí "Ẹ KÚ ỌDÚN Ẹ̀MÍ YÍN GÙN Á", ìjà tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán la tó jẹun.

Bísí Alákọ̀wé
Mo ní ìbéèrè o, kì í ṣe àwàdà. Ṣé "kú" inú "ẹ kú ọdún" àti "kú" ti ikú, ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ìjẹ̀ṣà Gidi
Kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ta ni yóò máa ṣépè fún àgbà láràárọ̀, tí ìkúnlẹ̀ á tún tẹ̀lé e?

Fìlà Ẹlẹ́tù
Ohùn kan náà ni, lẹ́tà kan náà ni. Tí kì í bá ṣe ọ̀kan náà, kí ló dé tí gbogbo ilé fi dákẹ́ n'Ídìí-Arẹrẹ?

Ìjẹ̀ṣà Gidi
Torí pé wọn ò gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e! "Ẹ kú" gbọ́dọ̀ kú nǹkan: kú iṣẹ́, kú ìnáwó, kú ewu ọmọ. Tó bá dá dúró, ìgbà náà ló di ọ̀rọ̀ ìsìnkú.

Bísí Alákọ̀wé
Ẹ jẹ́ ká pe olùkọ́ Yorùbá kan.

Tíṣà Elẹ́yẹlé
Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Ìsinmi ni mo wà. Ẹ kú ìjíròrò.

Bàbá Mọ̀lété
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà yín láti ọ̀sán, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní tèmi náà, kò fi bẹ́ẹ̀ pani lẹ́rìn-ín.

Etí odò Ògùnpa la ń gbé nígbà yẹn. Mo ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó lé ní ọgọ́rin. Tunde Nightingale, ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa, mo ní tirẹ̀ tó pọ̀. I. K. Dairo wà ńbẹ̀. Yusufu Ọlátúnjí wà ńbẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, mo fọwọ́ mi kan pákó àpótí tí mo ń kó wọn sí, mo sì lẹ àwọn káàdì tí ìyàwó mi ń ṣe fún mi lọ́dọọdún mọ́ ìdérí ẹ̀ nínú. Ewé gbígbẹ ló máa ń fi ṣe wọ́n, ewé máńgòrò àti ti ìbẹ́pẹ, ó ń tẹ̀ wọ́n sáàárín Bíbélì kó lè gbẹ.

Lọ́jọ́ Sunday, 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò bẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Omi wọlé lóru. A gbé àwọn ọmọ sórí èjìká, a jáde. Nígbà tí omi fà, kò sí àpótí, kò sí àwo, kò sí káàdì. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ò sí mọ́. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wa wà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni tiwọn ò sí.

Àwo kan ṣoṣo ló kù. Ketekete ti Obey, ti 1973, ìtàn ọkùnrin àti ọmọ ẹ̀ àti ẹṣin tí aráyé ò jẹ́ kí wọ́n gùn ún bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òkè-Àdó ló yá a. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bá a jà lórí ẹ̀, mo ti bú u lójú ìyàwó ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé omíyalé, ó gbé e wá, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.

Àdùkẹ́ Òkè-Bọ́lá
Bàbá, ẹ kú àjálù. Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n wà?

Bàbá Mọ̀lété
Ó ti lọ, ó pé ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn omi yẹn, ó ṣe ọ̀kan míì fún mi, ewé máńgòrò ni. Ó wà lókè ibi tí mo jókòó sí yìí.

Ọlọ́jà Gbági
Olúwa á tù yín nínú, Bàbá. Bàámi náà máa ń sọ̀rọ̀ Ògùnpa yẹn, wọn ò lè sọ ọ́ parí.

Táíwò Ìjókòdó
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ lè ta Ketekete yẹn?

Ìjẹ̀ṣà Gidi
Táíwò, ṣé o ní ìyá?

Bàbá Mọ̀lété
Ẹ fi sílẹ̀. Mi ò ní í ta, ṣùgbọ́n ó lè wá gbọ́ ọ nílé. Kó mú orógbó lọ́wọ́.

Bísí Alákọ̀wé
Tèmi, Ó Le Kú ti 1997, ti Tunde Kelani, látinú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Kò sí fíìmù mìíràn. Àṣàkẹ́ ló yẹ Àjàní, kí Lọlá lọ sinmi.

Ọlọ́jà Gbági
Èwo ni kí Lọlá sinmi? Lọlá gan-an ni. Ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ èyí o. Ìyá mi aránṣọ ni, lẹ́yìn fíìmù yẹn wọn ò sùn. Gbogbo obìnrin Ìbàdàn ló fẹ́ ìró kékeré àti bùbá òlekú. Àwọn tó ti ju ìró kékeré ìyá wọn nù ń wá a padà. Ẹnì kan gbé aṣọ wá, ó ní kí wọ́n rán an bí ti Àṣàkẹ́. Nígbà tó rí ara ẹ̀ nínú dígí, ó ní kí wọ́n tú u.

Fìlà Ẹlẹ́tù
Àjàní ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Obìnrin mẹ́ta, yunifásítì kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ríṣẹ́.

Bísí Alákọ̀wé
Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo gbà fún Fìlà.

Aláró Ìtòkò
Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, Bódìjà ni mò ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àkísà àdìrẹ ni mo fi ń ṣe káàdì, èyí tó bá ṣẹ́ kù látara aṣọ tí a rán. Èyí tí àwọn èèyàn ń béèrè jù ni Ìbàdàndùn, tó ní àwòrán ọwọ̀n Mápó àti ṣíbí. Gbọ̀ngàn Mápó, 1929 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ìyá aláró rí àwọn ọwọ̀n ńláńlá yẹn, wọ́n gbé e sórí aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ẹ̀kọ, ẹ̀kọ láfún la fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ o. Ìyẹ́ adìẹ la fi ń yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í wọ ibẹ̀. A máa ń sá a ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aáyán àti ewúrẹ́ á bá wa parí iṣẹ́.

Táíwò Ìjókòdó
Èló ni káàdì kan?

Aláró Ìtòkò
Ẹgbẹ̀rún méjì.

Táíwò Ìjókòdó
Ẹgbẹ̀rún méjì! Àmàlà àti ẹran méjì nìyẹn!

Ọlọ́jà Gbági
Níbo? Fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà àti ẹran méjì ní ẹgbẹ̀rún méjì lónìí.

Ìyá Ìbejì Sángo
Aláró, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi á pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ káàdì ńlá, kó ní Ìbàdàndùn níwájú. Mo ti ń ro ohun tí n ó kọ sínú ẹ̀, mo ti kọ àdúrà ìlà márùn-ún.

Aláró Ìtòkò
Kò burú, mà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Sángo
Ẹ dúró ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àdúrà ìlà márùn-ún. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bíi ti àkọ́kọ́, Ẹ KÚ, kó dúró bẹ́ẹ̀, kí gbogbo àlejò tó bá wá kà á sókè.

Bàbá Mọ̀lété
Gọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ o.

Fìlà Ẹlẹ́tù
Sé kí n bá yín mú aáyán wá?