Gálátíà 6: ẹsẹ 2 ní ká ru ẹrù ara wa, ẹsẹ 5 ní kí kálukú ru tirẹ̀. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Ìyá Aláṣọ, Àjàṣẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Orí mi ti gbóná. Àbúrò ọkọ mi, ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é, kò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ Àìkú. 120 000 sefa ló ń bèèrè, ó ní ẹ́ńjìnnì sémì òun, ọ̀kadà tó fi ń gbé èrò, ti kú. Ó wá pariwo lé mi lórí ní ìsọ̀ mi ní Ouando, lójú oníbàárà. Èmi tí mo se oúnjẹ ìgbéyàwó rẹ̀! Ìyàwó náà kì í tilẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Pásítọ̀ wàásù ẹsẹ 2, mo délé, mo ka ẹsẹ 5. Mátíù 5:42 ní ká fún ẹni tó bá bèèrè, 2 Tẹsalóníkà 3:10 ní ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má jẹun. Ẹ là mí lóye.

Ìyá Ìbejì, Kétu: Ẹ má fún un! Mo yá ẹ̀gbọ́n mi lówó gaàrí. Títí dòní, tó bá rí mi lọ́jà, ẹ̀yìn ìsọ̀ ló ń gbà.

Olùkọ́ Bíbélì, Sábẹ̀ẹ́: Kò ta ko ara wọn. "Ẹrù" ni Bíbélì wa pè é ní ẹsẹ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló wà níbẹ̀. Ti ẹsẹ 2, "báros", ni ẹrù tó ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ti ẹsẹ 5, "phortíon", ni èyí tí kálukú gbé kúrò nílé rẹ̀. Òun náà ni Jésù lò ní Mátíù 11:30, tó ní ẹrù òun fúyẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Bàbá, ta ló ń fi Gíríìkì tajà ní Ouando?

Olùkọ́ Bíbélì: Ìwọ tí o kò ka Yorùbá tán, dákẹ́.

Ìyá Ìbejì: Mo tún ní kí wọ́n má fún un.

Ọmọ Àáfà: Mùsùlùmí ni mí o, ẹ dárí jì mí. Pọ́ọ̀lù ní "tí kò bá fẹ́", kò ní "tí kò bá rí". Ṣé ọ̀lẹ ni ọmọ náà?

Ìyá Aláṣọ: Ta ló pè é ní ọ̀lẹ? Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń gbéèyàn. Kò pa àjọ rẹ̀ jẹ ní ọjọ́ kan rí.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Àjọ wo? Lọ́wọ́ ta?

Ìyá Aláṣọ: Lọ́wọ́ mi. Mo fi kó ankárá ní Kútọnu ni, ọjà ò yá. Mo ní kó dúró di ìparí oṣù. Ẹ ò tíì dáhùn ti Mátíù 5:42.

Ọmọ Àáfà: Háà.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Àǹtí, ẹ ti yọ owó alájọ tiyín?

Ìyá Aláṣọ: Ẹ̀tọ́ mi nìyẹn.

Olùkọ́ Bíbélì: Ẹ fi Gálátíà sílẹ̀, ìyá. Ẹ ka Òwe 3:27 àti 28: olówó wá gba owó rẹ̀, ẹ ní kó lọ, kó padà wá lọ́la. Ọmọ yìí kò tọrọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àṣé èmi ni mo jọ ọmọ yẹn, ẹ̀yin lẹ jọ ẹ̀gbọ́n mi!

Ìyá Aláṣọ: Ẹ má bú mi. N kò jí i, ó wà nínú aṣọ.

Olùkọ́ Bíbélì: Aṣọ náà kù mélòó?

Ìyá Aláṣọ: Ìdì mẹ́fà. Iye tí mo rà á ni màá tà á. Ta ló fẹ́?