Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìmúra ọdún
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún tún ti ń bọ̀, àyà mi ti ń já. Èmi nìkan ni mo máa ń ra ẹ̀bùn, màá dáná, màá gba àlejò, tó bá fi máa dọjọ́ ọdún gan-an ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò ní lè bá àwọn ọmọ mi ṣeré, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti kọ iye tí mi ò ní ná kọjá sínú fóònù, mo sì fẹ́ pín iṣẹ́ fáwọn àbúrò mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ fún ìyá ọkọ mi pé a fẹ́ fi ọjọ́ kejì ọdún sinmi nílé, tí wọn ò ní rò pé àfojúdi ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ?